Ẹ Bi Wá: Ṣé Áìsì Lè Gbẹ́ Òkè?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Ireland fi fọ́tò òkè kan ránṣẹ́ láti Burren, létí òkun. Òkúta eléérú ni gbogbo rẹ̀, kò sí ilẹ̀ lórí ẹ̀. Ó ní áìsì ló gbẹ́ ẹ. Ṣé áìsì tí à ń dà sórí ẹja náà ni? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ṣé ó dé ọ̀dọ̀ wa níbí?
Ìyá Ẹlẹ́ja, Àgbádárìgì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Màmá. Òótọ́ lọmọ yín sọ. Áìsì náà kò dé Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tó wa. Inú òkun lomi tó dì lọ́hùn-ún ti wá. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, òkun fi nǹkan bí 120 mítà rẹlẹ̀ ju tòní lọ, etí rẹ̀ sì jìnnà réré sí Gbẹrẹfu. Ìgbà tí áìsì yọ́ lomi tó padà gòkè.

Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ni ti Burren, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, àmọ́ ti Burren dàgbà jù ú lọ dáadáa. Áìsì tó nípọn rẹpẹtẹ bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ń rìn díẹ̀díẹ̀. Áìsì fúnra rẹ̀ kò le tó òkúta. Àwọn òkúta tó dì mọ́ ọn nísàlẹ̀ ló fi ń họ òkè, bí ẹni ń rin gbáàgúdá. Níbi tí òjò kò tíì jẹ lára òkè náà, ẹ ṣì lè rí ìlà tó họ síbẹ̀, tí gbogbo wọn kọjú síbi kan náà. Omi odò kì í fa irú ìlà bẹ́ẹ̀. Áìsì náà tún ya etí òkúta náà ní ìpele-ìpele, ìdí nìyẹn tí òkè náà fi dà bí ẹni pé ó ní àtẹ̀gùn.

Èyí tó dá èmi lójú jù ni òkúta àjèjì. Lórí òkè yẹn, ọmọ yín á rí gíránáìtì, irú òkúta líle kan, tó dá jókòó gẹlẹtẹ. Òkúta òkè yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe gíránáìtì. Connemara ni ilé rẹ̀, ní òdìkejì omi Galway. Kí ló lè gbé e sọdá, kó tún gbé e gun òkè, bí kì í ṣe áìsì?

Kí ọmọ yín mú fíníga díẹ̀ dání, kó kán an sórí òkúta méjèèjì. Ti ìsàlẹ̀ á hó. Gíránáìtì ò ní hó.