Wọ́n Tún Ti Sún Ọjọ́ Àwo Náà Síwájú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ àwo orin kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an, ẹni méjì péré ló ń darí rẹ̀. Wọ́n kéde àwo mẹ́rin tó ń bọ̀. Mo sanwó ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù ni mo fẹ́, kì í ṣe ti orí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orin yẹn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún wá ní ká sanwó ìkejì, tó jẹ́ ìṣẹ́jú 54. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi owó wa ṣeré?

ÌDÁHÙN: Ẹ rọra ná. Mo ti bá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rí, èmi ni mo sì máa ń fèsì fún àwọn oníbàárà tí inú ń bí. Ìbínú yín yé mi. Àmọ́ ọjọ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ìyẹn rọrùn. Láti 10 oṣù Keje, 2015, ọjọ́ Ẹtì ni àwo tuntun ń jáde káàkiri àgbáyé. Wọ́n á mú ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n á fi orin ránṣẹ́ ṣáájú, ó parí. Rẹ́kọ́ọ̀dù kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ orin sára àwo álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi lacquer, ìyẹn irú ọ̀dà kan, bò. Wọ́n á fọ́n fàdákà sí i, wọ́n á fi níkẹ́ẹ̀lì bò ó, ara níkẹ́ẹ̀lì yẹn ni wọ́n ti ń rí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ ike gbígbóná. Ilé-iṣẹ́ méjì péré ló ń ṣe àwo lacquer yẹn fún gbogbo ayé, kí iná tó jó ọ̀kan, Apollo Masters ní California, nínú oṣù Kejì 2020. Ó wá ku MDC ní Japan.

Lẹ́yìn èyí ni àwo ìdánwò, ìyẹn ẹ̀dà díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ láti fi yẹ iṣẹ́ wò. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ò ní gbọ́ ọ bí olólùfẹ́ orin. Ariwo ta-ta-ta ni wọ́n ń wá, àti ihò àárín tí kò bọ́ sí àárín, tó ń mú ohùn lọ sókè sódò. Bí ó bá ní àbùkù, wọ́n á padà sẹ́yìn àwọn tó ń dúró de ìtẹ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹni tó fẹ́ tẹ 300 kì í sì sábà ṣíwájú ẹni tó fẹ́ tẹ 30,000. Bó bá jẹ́ torí èyí ni wọ́n fi sún ọjọ́, èmi a tiẹ̀ yìn wọ́n.

Ti owó ńkọ́? Owó gbígbẹ́ orin àti ti òǹtẹ̀ kì í dín kù bí ẹ bá tilẹ̀ tẹ 100 péré, ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ kékeré fi ń gba àsansílẹ̀. Kò burú. Èyí tí mi ò fẹ́ràn ni kí wọ́n máa fi owó àwo kejì san gbèsè ti àkọ́kọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń rì nìyẹn, láìsí ète burúkú kankan.

Torí náà, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn: ṣé wọ́n ti gbọ́ àwo ìdánwò, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i? Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ṣì ń tún ohùn ṣe ní stúdíò, ẹ má tíì sanwó ti ìkejì. Ẹ sì béèrè orin orí íntánẹ́ẹ̀tì ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wọn báyìí, ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi í kún owó rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ìṣẹ́jú 54 yẹn ńkọ́? Bí wọ́n bá pín in sí ojú méjì rẹ́kọ́ọ̀dù kan, ìṣẹ́jú 27 lójú kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ jù. Bó bá ti ń kọjá nǹkan bí 22, ìlà tí wọ́n gbẹ́ orin sí á fún, ohùn á lọ sílẹ̀, ohùn orin tó wà nítòsí àárín á sì máa há. Bí wọ́n bá pín in sí rẹ́kọ́ọ̀dù méjì, ẹ rà á. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, ti orí fóònù tí ẹ ò fẹ́ yẹn ni kí ẹ gbà.