Ṣé kí n yan iṣẹ́ VFX ni, àbí kí n máa kọ sọ́fítíwià?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sì ni mò ń kọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ fíìmù ni ọkàn mi fà sí. Mo máa ń bá àwọn kan tó ń ya fíìmù ní Ìbàdàn ṣe àtúnṣe àwòrán, mo sì ti kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń to àwọn fáìlì kámẹ́rà létòlétò, tó ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo fẹ́ di alábòójútó VFX, ìyẹn iṣẹ́ dídá ohun tí kámẹ́rà kò yà sínú àwòrán fíìmù, mo sì tún fẹ́ máa ṣe sọ́fítíwià. Àwọn ará ilé ní kí n yan ọ̀kan, nítorí pé ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Ṣé kí n fi ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ni? Ṣé ìdí kọ̀ǹpútà ni alábòójútó máa ń wà, àbí lokéṣọ̀n? Kí sì ni kí n ṣe sí ètò tí mo kọ yìí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ṣe fi ọ̀kankan nínú méjèèjì sílẹ̀. Òótọ́ ni òwe tí wọ́n pa fún ọ, ṣùgbọ́n eku kan ṣoṣo ni ò ń lé. Ìṣòro tí àwọn tó ń ṣe VFX bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ló sábà máa ń bí sọ́fítíwià tó wúlò jù lọ fún wọn, ẹni tí kò bá sì tíì rí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ rí, ó máa ń ṣòro fún un láti mọ ohun tó yẹ kí òun kọ. Jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ẹnì kan tó ṣe méjèèjì ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ.

John Knoll ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1962 ní ìlú Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Thomas, ni wọ́n ṣe Photoshop, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe fọ́tò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi Photoshop ṣe ìwé ìpè ìnáwó àti pátákó fíìmù lójoojúmọ́ nílé wa níbí ni kò mọ̀ pé ìdí iṣẹ́ VFX ni ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é ti ń jẹun. Baba wọn, Glenn Knoll, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ átọ́míìkì ní Yunifásítì Michigan, ó sì ní yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò nínú ilé. Kọ̀ǹpútà Apple náà wà nínú ilé wọn ní àkókò tí ó ṣì ṣọ̀wọ́n. Má fojú kékeré wo yàrá òkùnkùn yẹn, nítorí pé irinṣẹ́ tó ń mú apá kan fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i, tàbí tó ń mú un dúdú sí i nínú Photoshop, inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti mú un wá.

John lọ kọ́ nípa fíìmù ní Yunifásítì Southern California ní Los Angeles, ó sì jáde ní 1984. Nígbà tó wà níbẹ̀, ó so kọ̀ǹpútà Apple II mọ́ kámẹ́rà, kí kọ̀ǹpútà lè máa darí ìrìn rẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ ni pé kámẹ́rà lè tún ìrìn kan náà rìn láìyẹ̀, kí wọ́n lè ya ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí wọ́n gbẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tún ya àwọn iná ara rẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì kó méjèèjì pọ̀ sójú àwòrán kan. Ní 1986, Industrial Light & Magic (ILM), ilé-iṣẹ́ VFX tí George Lucas, ẹni tó ṣe Star Wars, dá sílẹ̀ ní 1975, gbà á síṣẹ́ nídìí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀. Ṣé o rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ló lọ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà. Ìwọ ń ti ìhà kejì bọ̀. Nítorí náà, parí ẹ̀kọ́ rẹ, kí o sì fi àkókò tó bá ṣẹ́kù kọ́ nípa fíìmù.

Ní 1987, Thomas ń ṣiṣẹ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Michigan lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè mọ ohun tó wà nínú àwòrán. Kọ̀ǹpútà Macintosh Plus tó ń lò kò lè fi àwọ̀ eérú hàn rárá. Àmì tíntìntín kọ̀ọ̀kan tó wà lójú rẹ̀ yálà kó funfun tàbí kó dúdú. Ó wá kọ ètò kan tó ń kó àmì dúdú jọ pọ̀ níbi tó yẹ kó ṣókùnkùn, tó sì ń fọ́n wọn ká níbi tó yẹ kó mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé lójú ẹni tó ń wò ó, eérú ló dà bí. Display ló pe ètò náà. Nígbà tí John rí i, ó rántí kọ̀ǹpútà àwòrán ti Pixar tí wọ́n ní níbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ olówó gọbọi tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe àwòrán fíìmù, ó sì rí i pé ohun tí ètò ẹ̀gbọ́n òun ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà kékeré jọ ohun tí ẹ̀rọ ńlá yẹn ń ṣe. Láti ìgbà náà ló ti ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ Thomas: ṣé ó lè fi àwòrán pamọ́ sí irú fáìlì mìíràn, ṣé ó lè ṣàtúnṣe ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ṣé ó lè gba àwọ̀? Thomas ń kọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. John ń béèrè, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àwọn ètò kéékèèké tó ń yí àwòrán padà, irú èyí tí a ń pè ní filter lónìí.

Lójú tèmi, àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ló sọ Display di Photoshop. Thomas mọ kóòdù ju àbúrò rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n John ló wà níbi tí iṣẹ́ ti ń di ẹrù sí òṣìṣẹ́ lọ́rùn, òun ló sì mọ ohun tó kù.

Ní àkókò yẹn, ILM ń ṣiṣẹ́ lórí The Abyss, fíìmù James Cameron tó jáde ní 1989. Nínú rẹ̀, omi kan dìde, ó gùn bí ejò, ó wọ inú ibùdó tó wà lábẹ́ òkun, ó sì sọ orí ara rẹ̀ di ojú ènìyàn tó ń wò ó. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi dá omi náà. O mọ̀ pé omi máa ń gbé òjìji ohun tó yí i ká sára bíi dígí. Kí omi tí kò sí níbẹ̀ tó lè gbé òjìji ògiri tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ya fọ́tò ibẹ̀ láti ìhà gbogbo, John sì fi Photoshop, tí kò tíì dé ọjà rárá, so àwọn fọ́tò náà pọ̀. Ní 1990, fíìmù náà gba Oscar fún VFX. Bí o bá bi mí pé ibo gan-an ni iṣẹ́ alábòójútó àti iṣẹ́ sọ́fítíwià ti pàdé, ibẹ̀ ni n ó fi hàn ọ́.

Ọjà títà kò rọrùn fún wọn. John gbé ètò náà kiri ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní California, àwọn kan kò sì gbà á. Barneyscan, tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà, ló kọ́kọ́ pín nǹkan bí 200 ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ní 1988 ni Adobe, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwià, gbà á, Photoshop 1.0 sì jáde ní oṣù kejì ọdún 1990, fún Macintosh nìkan. Wọn kò ta ètò náà pátápátá nínú àdéhùn àkọ́kọ́ yẹn; wọ́n gba Adobe láyè láti máa tà á, wọ́n sì ń gba owó tiwọn lórí ohun tí wọ́n bá tà.

Bí owó ti ń wọlé tó, John kò kúrò ní ILM. Ní 1994 ó ṣe alábòójútó VFX fún Star Trek Generations, ó sì wà lára àwọn alábòójútó fíìmù Star Wars tó jáde ní 1999, 2002 àti 2005. Ní 2019, ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní Oscar fún òun, Thomas àti Mark Hamburg, ẹlẹ́rọ Adobe, ní ẹ̀bùn ìmọ̀ ẹ̀rọ nítorí Photoshop. Òun nìkan kọ́ ló sì rin irú ọ̀nà yìí: Scott Squires, tí wọ́n jọ ṣe alábòójútó fún fíìmù 1999 yẹn, ló ṣe Commotion, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń kùn ojú àwòrán fíìmù, tí wọ́n sì fi ń gé òṣèré kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Wàyí o, ní ti ibi tí alábòójútó máa ń wà. Kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà jáde, òun ló ń ka ìwé eré láti sọ ṣọ́ọ̀tì tó nílò VFX, ọ̀nà tí wọn yóò gbà ṣe é àti iye tí yóò ná wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń ya á, ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ló ń dúró sí: ó ń rí i pé wọ́n kọ irú lẹ́ǹsì tí wọ́n lò sílẹ̀, àti gíga kámẹ́rà láti ilẹ̀, àti bó ṣe jìnnà sí òṣèré tó, ó ń ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kan tó ń dán bíi dígí àti òmíràn tó jẹ́ àwọ̀ eérú síwájú kámẹ́rà, kí àwọn tí yóò fi kọ̀ǹpútà dá nǹkan lè mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá àti bí òjìji ṣe nípọn tó. Lẹ́yìn náà ló ń jókòó pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n jọ ń wo ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, tó sì ń tọ́ka sí ohun tí kò tíì bójú mu. Ó máa ń dùn mí pé lọ́pọ̀ ìgbà nílé wa níbí, ìgbà tí wọ́n bá ya fíìmù tán ni wọ́n tó ń pe ẹni tí yóò ṣe VFX, tí kò sì ní sí ẹni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Ìbàdàn bá tún fẹ́ ya fíìmù, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o bá wọn dé lokéṣọ̀n, kódà bí iṣẹ́ rẹ kò bá ju kí o di ìwé àti tẹ́ẹ̀pù ìwọ̀n mú.

Orí lokéṣọ̀n ni wàá ti rí ohun tó yẹ kí o kọ kóòdù fún. Nínú fíìmù Pirates of the Caribbean kejì, tó jáde ní 2006, Bill Nighy ṣe Davy Jones, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tí irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ẹja òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Bí wọ́n ti sábà ń ṣe é nígbà náà, òṣèré á lọ dá ṣe ìṣesí rẹ̀ nínú yàrá tó kún fún kámẹ́rà pàtàkì. Àwọn ará ILM, tí John jẹ́ alábòójútó wọn, ṣe ètò tuntun tó jẹ́ kí Nighy wọ aṣọ aláwọ̀ eérú tó ní àmì lára, kó sì bá àwọn òṣèré yòókù ṣeré ní ojú kan náà, lórí lokéṣọ̀n gan-an. Iṣẹ́ yẹn gba Oscar ní 2007.

Ohun tó yẹ kí o kọ́ kò pọ̀. Kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, dáadáa, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń so iṣẹ́ pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià VFX. Blender, tí wọ́n fi ń dá ohun inú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Nuke, tí wọ́n fi ń kó àwòrán pọ̀ sójú kan, náà ní irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá fi gba owó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, gbé kámẹ́rà, kí o máa ya fọ́tò, kí o sì máa wo bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan ṣe yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́ lára ògiri kan náà. Má kánjú pẹ̀lú. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ló wà láàárín ìgbà tí John dé ILM nídìí kámẹ́rà àti Star Trek Generations.

Ní ti ètò rẹ tó ń to fáìlì, má tíì ronú àtità rẹ̀. Fún àwọn olùṣàtúnṣe bíi mẹ́ta tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí ò ń ṣe ní ètò náà, jókòó tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí o sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá béèrè sílẹ̀; ẹni tó bá ń béèrè jù nínú wọn ni kí o sún mọ́. Máa fi kóòdù rẹ pamọ́ síbi tí ọjọ́ tí o kọ ọ́ yóò ti hàn, bíi GitHub, ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó kóòdù pamọ́ sí. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ lọ́la, ka ìwé àdéhùn wọn dé ìsàlẹ̀, pàápàá apá tó bá sọ pé gbogbo sọ́fítíwià tí òṣìṣẹ́ bá kọ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Kí o tó buwọ́ lù ú, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ètò tí o ti kọ kí o tó dé ọ̀dọ̀ wọn, tìrẹ ni.