Ẹ̀gbọ́n, opó ni mí, Mùsùlùmí ni mí, mo sì jogún

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tẹ́ ẹ sọ pé nínú Ìsìláàmù tí ọkọ bá kú ìyàwó ò ní nǹkan kan tó máa gbà, pé ẹbí ọkọ ló máa palẹ̀ gbogbo ẹ̀ mọ́, wọ́n á sì kó obìnrin náà mọ́ ẹrù. Mi ò bá yín jà o, torí ẹnu Mùsùlùmí gan-an ni mo ti gbọ́ irú ẹ̀ rí, ẹnu àbúrò ọkọ mi, lẹ́yìn tá a sin ọkọ mi. Ó ní bí ẹ̀sìn ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo ní kó fi ibi tó wà nínú Kùránì hàn mí, ó ní òun kì í bá obìnrin jiyàn.

Súúrà kẹrin, áyà 11 àti 12, ẹ lọ kà á fúnra yín. Tí ọkọ bá kú tó sì bímọ sáyé, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tìyàwó, tí ò bá sí ọmọ ó di ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, ìdá yẹn náà ni gbogbo wọn máa jọ pín o, ibẹ̀ kì í dùn ún gbọ́ létí àwọn olórogún. Tí olóògbé bá bímọ, ìyá ẹ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́fà.

Ààfáà tó bá wa pín tiwa ò tiẹ̀ pariwo. Bàbá ọkọ mi ti ṣaláìsí tipẹ́, ìyá ẹ̀ ló kù, èmi àtàwọn ọmọ. Ó ya ìlà sórí bébà, ó ní ká pín gbogbo ẹ̀ sọ́nà 24, èmi gba 3, ìyá ọkọ mi gba 4, àwọn ọmọ gba 17 tó kù. Àbúrò ọkọ mi wá ní tòun ńkọ́, ààfáà ní níwọ̀n ìgbà tí olóògbé ti ní ọmọkùnrin, àbúrò ò rí nǹkan gbà. Ó fa bébà náà mọ́ra, ó kà á látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wá orúkọ ẹ̀ nínú èsì ìdánwò, kò sì rí i.

Kó tó kan pínpín rárá, gbèsè ló ṣáájú. Sàdáàkì, ìyẹn ohun tí ọkọ ṣèlérí láti fún ìyàwó nítorí ìgbéyàwó, tí ò bá tíì san án tán, gbèsè ni ìyẹn náà, ìyàwó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè fún un. Ohun tó sì jẹ́ tobìnrin fúnra ẹ̀, ta ló ní kẹ́ ẹ kà á mọ́ ogún? Fìríìjì tó wà ní pálọ̀ wa, wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ ẹrù olóògbé, mo lọ mú rìsíìtì wá látinú báàgì, orúkọ mi gàdàgbà lórí ẹ̀, ààfáà fi báírò fagi lé e, ó di orí èyí tó kàn. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ tọ́jú rìsíìtì yín jàre. Owó tíyàwó bá fọwọ́ ara ẹ̀ wá, tiẹ̀ ni, ọkọ ni bùkátà ilé wà lọ́rùn ẹ̀. Ìyá wa Kadíjà, oníṣòwò ni kí Ànábì tó fẹ́ ẹ, Ànábì gan-an bá a gbé ọjà lọ tà.

Ti pé ọmọkùnrin ń gba ìlọ́po méjì ọmọbìnrin, òótọ́ ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé ọkùnrin ló ń gbọ́ bùkátà, tobìnrin sì wà lápò ẹ̀. Ibi tó máa ń dùn mí ni kí ọkùnrin gba ìlọ́po méjì tán, kó wá máa wo àbúrò ẹ̀ obìnrin níran. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi ló ti rí bẹ́ẹ̀ o, tí ẹni tó kú bá bí ọmọkùnrin, bàbá ẹ̀ àti ìyá ẹ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọgbọọgba.

Kíkó opó mọ́ ogún yẹn, àwọn Lárúbáwá ń ṣe é kí Ìsìláàmù tó dé, áyà 19 nínú súúrà yẹn kan náà ló kọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó fi ń dúró kó tó lè fẹ́ ẹlòmíì, tó bá lóyún, ó di ìgbà tó bá bímọ. Wọn ò tì í mọ́lé, tí nǹkan bá kàn án ó lè jáde lọ́sàn-án, mo jáde lọ sí báǹkì, ayé ò bàjẹ́.

Èyí tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ bèèrè, òun ló sì máa ń da ilé rú jù: ìyàwó tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì kì í jogún ọkọ ẹ̀ Mùsùlùmí nípasẹ̀ pínpín yìí, ọkọ náà ò sì ní jogún ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ náà ò sí nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ lè kọ ọ́ sínú ìwé nígbà tó ṣì wà láàyè pé kí wọ́n fún wọn nínú dúkìá òun, kó ṣá má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Tí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tètè lọ kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tí òfin ìlú tẹ́ ẹ wà sọ, torí ìwé tí wọ́n fi so yín pọ̀ ní kóòtù lè yí gbogbo ẹ̀ padà.