Ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá àjọ aláàánú pawọ́ pọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ wa, gbogbo wa ò tó 200. Látìgbà tí wọ́n ti dín wákàtí iṣẹ́ kù ni nǹkan ti le, àwọn kan ò rówó ilé san mọ́, gbèsè sì ti wọ ẹlòmíì lọ́rùn. Àjọ aláàánú kan ní àwọn fẹ́ bá wa pawọ́ pọ̀ láti máa ran ìdílé àwọn èèyàn wa lọ́wọ́, inú mi dùn, àmọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ fárígá, wọ́n ní owó oṣù là ń jà fún, a ò wá sàráà, àti pé tá a bá gbà á ọ̀gá á ní ṣebí ẹ ti rẹ́ni ràn yín lọ́wọ́. Àwọn tí ìṣòro bá gan-an tún ń tijú. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú làálàá. Ohun tó ń ba àwọn àgbà yín lẹ́rù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán, torí ọ̀gá míì wà tó jẹ́ pé tó bá ti rí i pé ẹlòmíì ń bọ́ òṣìṣẹ́ òun, ọkàn ẹ̀ ti balẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìrànlọ́wọ́ ò ṣàjèjì sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rárá. Ọdún 1851 ni wọ́n dá Amalgamated Society of Engineers, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ, sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú owó tí wọ́n ń dá ni wọ́n ti ń fún aláìsàn, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, arúgbó, wọ́n sì ń fi sìnkú. Ẹgbẹ́ yìí kan náà làwọn ọ̀gá ti géètì mọ́ síta ní 1852 torí ọ̀rọ̀ ófátáìmù. Ṣé ẹ rí i pé àánú ò ní kí wọ́n má jà.

Ẹgbẹ́ tí ò tó 200 èèyàn ò lè dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbé, ìdí nìyẹn tí àjọ fi wúlò. Ní Amẹ́ríkà, láti 1942 ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńlá ti ń bá àjọ aláàánú tá a mọ̀ sí United Way lónìí ṣiṣẹ́, èyí tí mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé wọ́n máa ń dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ láti máa gba àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nímọ̀ràn. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe lọ́yà, kò sì ń pín owó, ó kàn mọ ibi tí wọ́n ti ń rí sọ́rọ̀ owó ilé, ibi tí wọ́n ti ń ran onígbèsè lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ti ń gba ẹni tí ọtí ti bà jẹ́. Ẹni tójú ń tì ò ní wọ ọ́fíìsì àjọ kankan láéláé, àmọ́ ó lè sọ fún ẹni tí wọ́n jọ wà nídìí ẹ̀rọ kan náà, nígbà tí wọ́n bá jókòó sinmi. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ méjì, àwọn tẹ́nu wọn ò fẹ́rẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá nǹkan míì.

Ẹ tún wo ohun tọ́wọ́ yín mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń pín lẹ́tà ní Amẹ́ríkà rí i pé gbogbo ilé làwọn ń kàn lójúmọ́, ni wọ́n bá ní kí aráàlú gbé oúnjẹ síbi àpótí lẹ́tà, káwọn bá wọn kó o lọ fáwọn tó ń pín in fún aláìní. Wọ́n ṣe é káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́dún 1993, bíi mílíọ̀nù 5 kílò ni wọ́n kó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì sọ Sátidé kejì oṣù karùn-ún di ọjọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ní ẹni tó lè tún iná ṣe, tó lè kan ilẹ̀kùn, tó lè wa ọkọ̀? Àjọ nílò wọn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Owó ẹgbẹ́ àti owó ìrànlọ́wọ́ ò gbọdọ̀ wọ akáǹtì kan náà o. Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ ya fọ́tò ẹni tó ń gba nǹkan, mi ò fẹ́ gbọ́ àwáwí kankan lórí ìyẹn. Kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ bi àjọ náà léèrè pé bá a bá dáṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ ṣì máa wà pẹ̀lú wa? Torí àjọ míì wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń rówó.

Èyí tí mo fẹ́ káwọn àgbà yín gbọ́ dáadáa wá nìyí: ẹ máa ka iye èèyàn tó wá. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ iye wọn, oṣù tí wọ́n wá àti ohun tí wọ́n wá fún. Tó bá di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jókòó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ owó, ẹ gbé e síwájú ẹ̀ pé látọjọ́ tẹ́ ẹ ti dín wákàtí kù, ìdílé báyìí-báyìí ni ò rówó ilé san, òṣìṣẹ́ yín sì ni wọ́n.