Má lọ láìdágbére fún àwọn olùgbọ́ rẹ

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ìwọ ni atọ́kùn ètò ìfọkànsìn ìdájí ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan l'Adó-Èkìtì, iṣẹ́ mìíràn ti dé, ọ̀gá rẹ sì ní kí o rọra máa lọ, kí o má sọ nǹkan kan lórí afẹ́fẹ́, pé kí oṣù tó parí wọ́n á ti gbàgbé rẹ. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe títí mo fi kúrò níbẹ̀. Wọn kì í gbàgbé.

Ẹni tí mo gba ipò rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kó máa lọ, kò ráyè bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ohùn tèmi ni wọ́n gbọ́. Ìyá àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ pe wọlé. Kò kí mi. Ó ní, "Búrọ̀dá wa dà? Ṣé wọ́n ti kú ni?" Mo ní rárá o, wọ́n wà láàyè, wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ìyá dákẹ́, ó ní, "Wọn ò lè lọ kí wọ́n má sọ fún wa." Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Àwọn kan ní ó ti ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀, àwọn kan ní ó kó owó ìjọ. Kò mú kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà mí gbọ́?

Ẹni tó ń gbọ́ ọ ní aago márùn-ún ìdájí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá kan wá kí mi láti ọ̀nà Ìkọ̀lé, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lọ́wọ́. Mo kọjá lára rẹ̀ lẹ́nu géètì, kò mọ̀ mí. Àfìgbà tí mo kí mẹ́gáàdì ló yíjú padà wìrì, ó ní, "Àǹtí!" Ohùn nìkan ló mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ní èmi ni mo kọ́kọ́ ń kí òun ẹ káàárọ̀ lójoojúmọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí o rọra fi sílẹ̀.

Padà lọ bẹ ọ̀gá rẹ. Má fi ẹkún bẹ̀ ẹ́, fi ọ̀rọ̀ owó bẹ̀ ẹ́. Òfin tó dá àjọ NBC, àjọ ìjọba tó ń fún ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní ìwé àṣẹ, sílẹ̀ lọ́dún 1992 kò fàyè gba pé kí wọ́n fún ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ní ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ rédíò, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ńṣe ni ìjọ ń ra àkókò lórí rédíò. Tí àwọn olùgbọ́ bá túká, onígbọ̀wọ́ náà á lọ. Tó bá ṣì kọ̀ jálẹ̀, bẹ ẹni tó ń bọ̀ pé kó bá ọ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀.

Tó bá gbà, má fi í mọ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìgbì FM kì í gun òkè, o sì mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Ẹlòmíì ní Ẹ̀fọ̀n lè má gbọ́ ju ìlàjì ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Bátìrì ẹlòmíì ti tán, ẹlòmíì sùn sóko. Bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, gbólóhùn kan tàbí méjì lẹ́yìn àdúrà, kí ètò sì máa lọ.

Kí o sì mú ẹni tó ń bọ̀ wọ stúdíò. Èyí gan-an ló ká mi lára jù. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20, nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, àwọn alàgbà Éfésù ló ránṣẹ́ pè wá sí Mílétù, àwọn tí yóò kù pẹ̀lú agbo. Wọ́n sunkún, wọ́n rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ti fi agbo lé wọn lọ́wọ́ kí ẹkún tó dé. Èmi àti ọmọbìnrin tó gba ipò mi jọ ṣe ètò pọ̀ fúngbà díẹ̀: èmi á ka Bíbélì, òun á gbàdúrà. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi pè láti Ìjerò, ó ní kí "àbúrò yẹn" gbàdúrà fún òun. Ó dùn mí díẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ìwé àdúrà ńkọ́? Tèmi jẹ́ ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń wá ọmọ wà níbẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà Líbíà lọ tí kò pè mọ́ wà níbẹ̀. Má fi irú rẹ̀ sílẹ̀ sórí tábìlì. Pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bi wọ́n bóyá kí ẹni tuntun mọ ọ̀rọ̀ wọn. Èyí tó bá ní rárá, ya ojú ewé tirẹ̀ kúrò.

Owó náà wà níbẹ̀. Nígbà tí Sámúẹ́lì darúgbó, tí Sọ́ọ̀lù ti jọba, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó ní kí wọ́n jẹ́rìí: màlúù ta ni òun gbà, ta ni òun rẹ́ jẹ? Sámúẹ́lì Kìíní orí 12 ni. Tí wọ́n bá fi owó aláìsàn tàbí ti opó rán ọ rí, sọ iye tó wọlé àti ibi tó lọ, lórí afẹ́fẹ́.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ṣe ètò rẹ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó tan rédíò lórí ibùsùn àìsàn, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló ń wá. Fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú sílẹ̀ ní ìparí, ṣí fóònù, jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Sọ fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pé kó fi orin sí i tí ohùn rẹ bá há. Má sọ pé Ọlọ́run ló ní kí o máa lọ tó bá jẹ́ owó oṣù ló gbé ọ. Sọ pé iṣẹ́ mìíràn ti dé. Wọ́n jẹ mí lówó nígbà tí mo ń lọ, n ò mẹ́nu bà á níbẹ̀, ọ́fíìsì la ti yanjú ẹ̀.

Àwọn kan á ṣì máa pe nọ́ńbà rẹ. Gbé e, bá wọn gbàdúrà, kí o sì bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ ètò àárọ̀ yẹn. Má kó wọn jọ sórí WhatsApp láti dá tìrẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí o fi wọ́n lé lọ́wọ́.