Owó tó o ná kọ́ ló ń bí mi nínú

Ọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Sùúrùlérè. Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún, ó níyàwó, ó bímọ méjì, rẹ́kọ́ọ̀dù ló ń rà, àwọn àwo orin dúdú pẹlẹbẹ tí àwọn bàbá wa ń gbọ́ yẹn, ó ti kó 640 jọ láàárín ọdún mẹ́fà. Ó ní nǹkan bí 120,000 náírà ló ń bá a lọ lóṣooṣù, ìyàwó òun sì ti ń pe òun ní wèrè. "Àǹtí, èló gan-an ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ́kọ́ọ̀dù máa ná lóṣù? Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyàwó mi tó máa fi yé e?" Ìbéèrè ẹ̀ nìyẹn. Ìyókù lẹ́tà náà gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló kún inú ẹ̀ àti iye tí wọ́n ń tà á, àti ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo àwo kó má baà gbó. Àárín ibẹ̀ ló ti sọ eléyìí, bí ìgbà téèyàn ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá:

"Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni mo ń ra lówó gọbọi o. Nígbà míì Ọlọ́run máa ń bá mi ṣe é. Màmá àgbàlagbà kan l'Ábẹ́òkúta ta páálí mẹ́ta fún mi, ọkọ wọn ló kú, ẹ̀rọ bàbá náà ti bàjẹ́ tipẹ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù 112, àpàlà àti sákárà ló pọ̀ jù, ó mọ́ bí ẹni pé wọn ò fọwọ́ kàn án rí. Mo ní èló ni kí n san, wọ́n ní ohunkóhun tí mo bá ní lọ́wọ́. Mo yára wo Discogs lórí fóònù, mo wá fún wọn ní 25,000. Ọ̀kan péré nínú ẹ̀, mo tà á fún ẹnì kan ní London ní 140 pọ́n-ùn. Màmá yẹn ṣàdúrà fún mi gan-an. Wọ́n tiẹ̀ ní wọ́n dárúkọ ọkọ àwọn nínú ọ̀kan, mi ò rántí èwo."

Ó tán. Ó padà sórí abẹ́rẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni, jẹ́ ká tètè yanjú ìbéèrè tó o bi mí torí kò pẹ́ rárá. Ṣé owó ilé ti kúrò nílẹ̀? Ṣé owó iléèwé àwọn ọmọ ò sí lọ́rùn ẹ? Ṣé ìyàwó ẹ kọ́ ló ń dá owó ọbẹ̀ san? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, 120,000 ò tíì pa ẹnikẹ́ni, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bíà ni wọ́n ń fi í mu. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìyàwó ẹ rọra ń pè ọ́ ni. Àwọn tí tiwọn le ju tìẹ lọ wà láyé yìí. Àwo kan tí ẹgbẹ́ olórin Beatles ṣe, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0000001, èyí tó jẹ́ ti Ringo Starr tó ń lùlù fún wọn, 790,000 dọ́là lẹnì kan fi gbé e ní 2015. Zero Freitas náà wà ní São Paulo ní Brazil, ọlọ́kọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ó kó rẹ́kọ́ọ̀dù jọ títí ó fi di mílíọ̀nù lọ́nà mélòó kan, àfi ìgbà tó gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ kí wọ́n máa bá a tò ó. Ìwọ oní 640, o ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyẹn tán.

Ó wá ku màmá Abẹ́òkúta.

O wo Discogs kó o tó yọ owó. Ọwọ́ ẹ lo fi kọ ọ́, mi ò purọ́ mọ́ ẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ọjà ńlá tí àwọn olólùfẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù káàkiri ayé ń ná lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ó ti wà láti 2000, tẹ́ ẹ bá ti tẹ orúkọ àwo sí i, ó máa sọ iye tí wọ́n ti tà á rí, iye tó kéré jù, iye tó ga jù, àti èyí tó wà láàárín. Nítorí náà o jókòó sí pálọ̀ ìyá arúgbó, àfàìmọ̀ ni wọn ò ti gbé omi tútù àti bisikíìtì wá fún ẹ, o fa fóònù yọ, màmá rò pé ìyàwó ẹ lò ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí, o rí iye ẹ̀, o sì fi fóònù padà sápò láìsọ nǹkan kan. Mo pín 25,000 sọ́nà 112 lórí fóònù tèmi náà. Ó jẹ́ 223 náírà. Kò tó owó píọ̀ wọ́tà márùn-ún. Èyí tó o tà sí London nìkan, ó ju 250,000 náírà lọ lówó tiwa, a jẹ́ pé o ti gba owó ẹ padà nílọ̀ọ́po mẹ́wàá, 111 sì ṣì wà nílé ẹ, o wá ń bi mí bóyá ò ń náwó jù. Owó tó o ná kọ́ ló ń bí mi nínú. Èyí tó o kọ̀ tí o ò ná ni.

Mo mọ ohun tó o máa sọ, torí gbogbo yín lẹ máa ń sọ ọ́, àwọn tó ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ opó, àwọn tó ń ra mọ́tò lọ́wọ́ ọmọ olóògbé nígbà tí wọn ò tíì ṣe ìsìnkú tán, mo ń gba lẹ́tà yín. Ẹ máa ń ní ọjà ni, mo béèrè iye, wọ́n sọ̀rọ̀, mo sanwó. Rárá o. Kò dá iye kankan fún ẹ. Ohun tí màmá sọ ni pé ohunkóhun tó o bá ní lọ́wọ́. Ṣé Yorùbá kọ́ ni ẹ́ ni? Tí àgbà bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, ó ti fi ọmọ yẹn ṣe adájọ́ ara ẹ̀ nìyẹn, ó ń sọ pé mo gbà pé ilé ire lo ti wá. Wọ́n ní ẹni tó mọ iyì wúrà là á tà á fún, ìwọ mọ iyì ẹ̀ dé orí kọ́bọ̀, nínú ilé yẹn ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n, ohun tó o sì fi ìmọ̀ ẹ ṣe nìyẹn.

Mo ṣì ń bọ̀.

O ní àwo yẹn mọ́. Ta ló jẹ́ kó mọ́? O mọ̀ jù mí lọ pé rẹ́kọ́ọ̀dù àpàlà tó mọ́ ò wọ́pọ̀ níbí, torí wọ́n lò ó ni. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọtí á dà lé e lórí, abẹ́rẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti sọ nù láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ṣì fi ń ha á lára, ọyẹ́ á de, eruku á wọnú ẹ̀, ẹnì kan á lọ gbé e sójú fèrèsé, oòrùn á sì sọ ọ́ di àwo ọbẹ̀. Ìdí tí èyí tó mọ́ fi wọ́n nìyẹn. Bàbá tó kú yẹn ò gbà kí ìkankan nínú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí tiẹ̀. Nígbà tí bàbá lọ, màmá ò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ń kọ "NM" sí i lára, ẹ ní ó dà bíi tuntun. Èmi, obìnrin tó ń lé ọmọ àti ọmọọmọ kúrò nídìí kọ́bọ́ọ̀dù láti bí ogójì ọdún ni mò ń rí. Òun ló ṣiṣẹ́ owó yẹn. Ìwọ gbé e lọ sí ibùdó ọkọ̀ ni.

Ó sì máa wọ́n sí i. Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá L'Ẹ́gbà tó ń kọ sákárà, kú ní 1978. Àwọn tó ń kọ àpàlà náà ti lọ, Àyìnlá Ọmọwúrà tẹ̀lé e ní 1980, Hárúnà Ìṣọ̀lá lọ ní 1983. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ láyé ìgbà yẹn ló wà, tí ọ̀kan bá fọ́, ó dín nìyẹn. Àwọn oyìnbó tó ti pa rẹ́kọ́ọ̀dù tì náà ti padà sí i, ní 2022 l'Ámẹ́ríkà iye àwo dúdú tí wọ́n tà ju iye CD lọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù 41 sí mílíọ̀nù 33, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ mọ́ látọdún 1987. O mọ gbogbo èyí. Màmá ò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n gbogbo owó yìí, mo lè dárí ẹ̀ jì ẹ́. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn. "Wọ́n dárúkọ ọkọ àwọn nínú ọ̀kan, mi ò rántí èwo."

O ò rántí èwo!

Ìwọ tó o rántí nọ́ńbà tí wọ́n ha sára àwo nítòsí ìwé àárín ẹ̀. Ìwọ tó o lè sọ èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ò ń gbọ́ àpàlà, ò ń gbọ́ sákárà, o sì mọ bí wọ́n ṣe ń kì èèyàn níbẹ̀. Bàbá yẹn á ti wà nínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n á ti ṣe ìnáwó kan, olórin á ti jókòó tì í kó gbọ́ orúkọ bàbá ẹ̀ àti oríkì ìdílé wọn, kó tó wá kọ ọ́ sínú àwo. Wọn kì í sì í dárúkọ ọkùnrin lásán. Lágbájá ọkọ Tàmẹ̀dò ni wọ́n máa ń pè é. Ṣé o ti ń gbọ́ mi báyìí? Ó ṣeé ṣe kí orúkọ màmá yẹn gan-an wà nínú ẹ̀, ohùn ẹni tó ti kú ló ń pè é nígbà tó wà lọ́mọge, tí ọkọ ẹ̀ ń náwó fún un lójú agbo. Wọ́n sọ fún ẹ. Wọ́n ń retí kó o bi wọ́n pé èwo ni, kó o ní ẹ jẹ́ ká yọ ìyẹn sọ́tọ̀. O di páálí ẹ, o lọ.

Tó bá wá jẹ́ èyí tó wà ní London ńkọ́?

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin tó kù, tí mo bá ń pariwo. Nígbà tí bàbá mi kú, kò pé ọdún kan, ọkùnrin kan tó múra dáadáa wá sílé wa n'Íbàdàn, ó ní òun fẹ́ràn orin àtijọ́, "Màámi" ló ń pe màmá mi. Ó kó rẹ́kọ́ọ̀dù kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, owó tó fi sílẹ̀ ò ra ju gálọ́ọ̀nù epo pupa kan lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àwo yẹn máa ń fò níbì kan, orin á máa lọ geere, á débẹ̀, abẹ́rẹ́ á fò, ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin á bọ́ dànù. Títí dòní, tí màmá mi bá ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n bá dá orin yẹn, tòun ti fífò yẹn ni wọ́n ń kọ ọ́. Wọ́n á débẹ̀, wọ́n á fò ó, wọ́n á máa bá a lọ. Lójú tìẹ àwo yẹn ò níláárí, o ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti wá a títí.

Nítorí náà gbọ́ ohun tó o máa ṣe, mi ò bẹ̀ ẹ́, mò ń sọ fún ẹ ni. Gbé 111 tó kù sórí ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú méjèèjì, kó o sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Tó o bá gbọ́ orúkọ bàbá, yọ ọ́ sọ́tọ̀, ilé ẹ̀ ló ń padà sí. Tó ò bá gbọ́ ọ, kọ̀wé sí ẹni tó wà ní London, bẹ̀ ẹ́ kó tà á padà fún ẹ, iye tó bá pè é ni kó o san, ìwọ kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń ra ọjà lówó gọbọi. Tó bá kọ̀, kó gbà á sórí kọ̀ǹpútà kó fi orin náà ránṣẹ́, kó o kó o sórí fóònù àwọn ọmọ màmá. 140 pọ́n-ùn yẹn, tiwọn ni, yọ owó tó o fi fi ẹrù ránṣẹ́. Èyí tó kù tó o bá fẹ́ máa tọ́jú, wo Discogs ẹ lójú wọn, ka iye ẹ̀ sétí wọn, kí ẹ jọ ná an.

Owó ẹ ò ní tó lẹ́ẹ̀kan náà, mo mọ̀. O bi mí iye tó yẹ kó o máa ná lórí rẹ́kọ́ọ̀dù lóṣù. 120,000 náà ni. Má dín in kù. Àmọ́ títí gbèsè yẹn fi máa tán, Abẹ́òkúta ni kó máa lọ.

Sọ fún ìyàwó ẹ kí ẹ jọ lọ lọ́jọ́ Sátidé. Gbé ẹ̀rọ ẹ dání torí tiwọn ti bàjẹ́, rí i pé abẹ́rẹ́ olówó ńlá tó o kọ ojú ìwé méjì lé lórí yẹn wà lẹ́nu ẹ̀. Fi fóònù sílẹ̀ nínú mọ́tò.