Kí ni ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó fẹ́ dé òkè nínú ìdíje géèmù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọmọ ọdún 19 ni mí, Counter-Strike 2, géèmù ìbọn tí ikọ̀ méjì ẹlẹ́ni márùn-ún ti ń kojú ara wọn, ni mo sì máa ń gbá lójoojúmọ́. Ọwọ́ mi yá, ìbọn mi kì í sábà tàsé, síbẹ̀ ó ti pẹ́ tí mo ti wà lójú kan, àwọn tí ọwọ́ wọn kò yá tó tèmi sì ń borí mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ra máósì tuntun àti ojú kọ̀ǹpútà tí ó yá ju èyí tí mo ń lò lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni àwọn tí ń díje lókè mọ̀ ọ́n ṣe tí èmi kò mọ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, wọ́n máa ń mọ ohun tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n yòókù, títí kan ọwọ́ yíyá tí o ní yìí, abẹ́ èyí ni ó wà. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn tí ń gbá géèmù fún ìdíje, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí ọ̀dọ́ tí ó ní ẹ̀bùn, tí ó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ wá ọwọ́ yíyá nìkan, láìsí ẹni tí ó sọ fún un pé ọwọ́ yíyá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, nǹkan bí 200 sí 250 nínú rẹ̀ ni ó máa ń lọ láti ìgbà tí ojú ènìyàn bá rí nǹkan títí di ìgbà tí ìka rẹ̀ yóò tẹ bọ́tìnì. Ìdánrawò lè dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú un kúrò. Nínú Street Fighter 6, géèmù ìjà ẹni méjì, àwòrán 60 ni ó ń kọjá lójú ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀ṣẹ́ tí ó yára jù sì máa ń balẹ̀ láàárín àwòrán 4, èyí tí kò ju nǹkan bí 67 nínú 1,000 yẹn lọ. Kò sí ẹni tí ó lè rí irú ẹ̀ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó dènà rẹ̀; ẹni tí o bá rí tí ó dènà rẹ̀ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni.

Wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Evo, ìdíje ńlá fún àwọn géèmù ìjà, ní ọdún 2004, nígbà tí Daigo Umehara ará Japan pàdé Justin Wong ará Amẹ́ríkà nínú Street Fighter III: 3rd Strike. Ẹ̀mí Ken, ajàjà inú géèmù tí Daigo ń darí, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá tilẹ̀ fi ọwọ́ dènà ìpá kan ṣoṣo, kíkú ni yóò kú. Wong wá tú ìpá Chun-Li, ajàjà tí òun ń darí, sílẹ̀, 15 tí ó ń tẹ̀lé ara wọn láìdúró. Daigo ti igi ìdarí síwájú ní àkókò gan-an tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń balẹ̀, ó gba gbogbo rẹ̀ dànù, ó dá tirẹ̀ padà, ó sì borí. Àwọn ènìyàn máa ń yin ìka rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìpá àkọ́kọ́ yẹn yára débi pé ẹni tí ó bá dúró kí ó rí i kí ó tó gbé ọwọ́ ti pẹ́ jù. Ó ti ń retí rẹ̀ ni.

Nínú géèmù tìrẹ, wo ibi tí àmì ìfojúsùn ọ̀gá, èyí tí ó ń fi ibi tí ìbọn rẹ̀ dojú kọ hàn, máa ń wà bí ó bá ń rìn lọ sí igun ilé. Kì í wà nílẹ̀, kì í sì í wà lára ògiri lásán. Ó ti wà ní ìwọ̀n gíga orí ènìyàn, ní etí ibi tí alátakò yóò ti yọ. Bí alátakò bá yọ, bọ́tìnì nìkan ni ó kù láti tẹ̀, nígbà tí ìwọ tí ọwọ́ rẹ yá ṣì ní láti kọ́kọ́ fa máósì lọ bá a. Bákan náà ni owó inú géèmù. Dọ́là 2,700 ni AK-47, dọ́là 4,750 sì ni AWP, nítorí náà ẹni tí ó bá ń ṣírò ohun tí ó kù lápò àwọn alátakò ti mọ irú ìbọn tí wọn yóò gbé jáde kí abala tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó kù kí ó bú, 10 ni yóò sì gba ẹni tí kò ní irinṣẹ́ láti tú u. Ẹni tí ń ka àkókò yìí lọ́kàn mọ ìgbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́, yóò sì gbé ìbọn rẹ̀ sá pamọ́ kí ó má baà tún ra òmíràn. Èmi gbà pé irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ń gba ìdíje là ju ìbọn tí kì í tàsé lọ.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àbímọ́ni. Ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, William Chase àti Herbert Simon, fi hàn pé ọ̀gá nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì (chess), bí ó bá wo pátákó fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, yóò rántí ibi tí àwọn ọmọ ayò wà ju ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kan da àwọn ọmọ ayò náà sórí pátákó láìlétò, àǹfààní rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ohun tí ó ti rí rí ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, padà wo fídíò àwọn ìdíje tí o pàdánù. Dá a dúró ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí wọ́n tó pa ọ́, kí o sì bi ara rẹ léèrè: ìró ẹsẹ̀ wo ni mo gbọ́? Bí mo bá rí méjì níbí, níbo ni mẹ́ta yòókù wà? Kí ni mo rò pé wọn yóò ṣe, kí sì ni wọ́n ṣe? Kọ ìdáhùn rẹ sílẹ̀. Wákàtí kan tí o fi ṣe èyí dára ju wákàtí mẹ́ta tí o kàn fi gbá òmíràn lórí òmíràn.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni ó tẹ̀ lé e, nítorí pé ènìyàn márùn-ún ni ikọ̀ yín. Bí wọ́n bá pa ọ́, tí o pariwo pé, “Ó kù díẹ̀ kí n pa á!”, ohun tí o sọ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. “Méjì, ẹ̀yìn àpótí, ọ̀kan ti fara gbọgbẹ́” ni wọ́n nílò, kí o sì dákẹ́ lẹ́yìn náà kí wọ́n lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ní àárín ọdún 2023, apá dun Faker, ẹni tí ikọ̀ T1 fi ń ṣe òpó nínú League of Legends, géèmù mìíràn tí ènìyàn márùn-ún ń gbá nínú ikọ̀ kan, ó sì sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdíje tí T1 ṣe láìsí i ni wọ́n pàdánù; nígbà tí ó padà, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún yẹn. Ní tèmi, ohùn rẹ̀ tí ń darí wọn ni wọ́n ṣàfẹ́rí jù. Ìsinmi tí ó gbà náà ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́: bí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn ọ́ tàbí tí ìka rẹ ń kú tìpìrì, dúró, kí o sì rí dókítà.

Ní ti ohun èlò, bí ojú kọ̀ǹpútà rẹ bá ń fi àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, pààrọ̀ rẹ̀ sí 144 bí o bá ní agbára rẹ̀, nítorí pé àlàfo àárín àwòrán kan sí èkejì yóò wá láti 17 nínú ọ̀nà 1,000 tí a pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí, sí 7. Láti 144 lọ sí 240, nǹkan bí 3 péré ni yóò tún dín. Máósì tí ó bá bá ọwọ́ rẹ mu ti tó; má ṣe máa yí bí ó ṣe ń yára sí láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.